Òwú Tí Mo Fi Dí Etí Sìdíkátù

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ilé-ìwé wọlé. Mo mọ aago náà nítorí pé rédíò ará ilé wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àkókò láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló wà ní ẹ̀yìnkùlé: èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Sìdíkátù àbúrò mi, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, àti Ìyá àgbà, ìyá bàbá wa, tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí ó ń bó ẹ̀gẹ́. Màámi wà nínú ilé, ó ń di ẹrù ọjà. Mo mú òwú díẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, mo lọ́ ọ, mo sì tì í bọ inú etí òsì Sìdíkátù títí n kò fi rí i mọ́. Ó yí orí, ó fẹ́ sunkún. Mo fi ṣúgà sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo pe Màámi.

"Màámi, ẹ wá wò ó. Etí Sìdí ti gbẹ."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Abẹ́òkúta mọ bí òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ ṣe máa ń rí. Ilé lááfún ni ilé wa, lẹ́yìn ọjà Láfẹ́nwá. Ìkòkò ńlá méje ló wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gẹ́ sì ń rà nínú wọn lójoojúmọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kẹrin, a ó kó o jáde, a ó rún un, a ó gbé e lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, a ó sì sá a sínú oòrùn. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ, kí á sì sáré kó o bí òjò bá ṣú. Òórùn kíkan yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà lára ẹní, ó wà nínú irun wa. Àlejò a máa fa imú kí ó tó kí wa. Àwa onílé kò gbọ́ òórùn kankan mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí etí Sìdíkátù pẹ́ nílé nìyẹn. Ní ilé ẹlòmíràn, òórùn nìkan ì bá ti lé wọn dé ilé ìwòsàn. Ní ilé tiwa, ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ohun tó bá ń rùn.

Nígbà tí ó tó bí ọmọ oṣù mẹ́jọ ni etí náà ti bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ á gbóná fún ọjọ́ méjì, á máa fa etí, á máa ké. Lẹ́yìn náà etí á tú, omi á jáde, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Torí náà ni gbogbo agboolé ṣe gbà pé omi yẹn ni ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ní eyín ló ń hù. Ẹlòmíràn ní, "Etí ọmọ wo ni kì í ṣe omi? Á gbẹ." Ó ń gbẹ lóòótọ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, omi náà di ọyún, kò sì dá mọ́. Ìyá àgbà a máa yá àdí lórí iná kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á kán an sí i. Bàbá wa wà ní òkè Ọya níbi tó ti ń tajà aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé. Kò sí ẹni tó sọ pé kí á gbé ọmọ lọ fún dókítà. Ẹni tí kò lè dìde nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà náà.

Èmi ni mo ń tọ́jú etí náà. Mo mọ bí a ṣe ń gbé orí rẹ̀ lé itan, bí a ṣe ń fi aṣọ tó rọ̀ nù ún láti inú bọ̀ sóde. Kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Màámi ń lọ ọjà, ojú Ìyá àgbà sì ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo wá di ẹni tó ń pọn ọmọ. Ìyá Múrí, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, kò ní rí mi kó má ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá ọlọ́mọ, ìgbà wo lo máa já a lẹ́nu ọmú?" Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Sìdí. Wọ́n á ti ilé-ìwé dé, wọ́n á máa ka ohun tí wọ́n kọ́ sókè, mo sì ń dúró lórí àpáta pẹ̀lú igi tí mo fi ń lé adìyẹ, ọmọ lẹ́yìn mi.

Ẹ rántí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ tó ilé-ìwé í lọ. A ó gbé apá ọ̀tún kọjá àárín orí. Bí ìka bá kan etí òsì, ó tó. Tèmi ti kan etí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọdọọdún ni mo ń na apá yẹn fún Màámi wò. Ọdọọdún ló ń sọ pé kí n ṣe sùúrù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ṣèlérí pàtó. Ó ní, "Bí etí Sìdí bá gbẹ, wàá lọ." Ó sì rán aṣọ kaki fún mi. Ó kọ́ ọ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tí mo ti ń wò ó kí n tó sùn.

Ilé-ìwé ku ọ̀sẹ̀ méjì, etí kò gbẹ. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, kò gbẹ. Òwú tí Ìyá àgbà fi ń ṣe òwú fìtílà wà nínú igbá rẹ̀. Mo ṣà lára rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, mo fi pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò.

Màámi jáde wá ní òwúrọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún lááfún. Ẹni tó bá mọ ìyá mi lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn. Bí ó bá fẹ́ ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn ará oko, kì í wo ojú agbọ̀n. Á ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, á ní, "Òkè lè purọ́, ìsàlẹ̀ kì í purọ́." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ń kánjú. Ó fa etí Sìdíkátù díẹ̀, ó wo òkè rẹ̀, ó rí i pé ó gbẹ. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Alhamdulillahi. Lọ wọ aṣọ rẹ." Ìyá àgbà kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró díẹ̀ lára ẹ̀gẹ́, ó sì tún ń bó o lọ.

N kò ní purọ́, inú mi dùn ní ilé-ìwé. Mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ. Tíṣà ní kí n jókòó sẹ́yìn kí n má bàa dí àwọn yòókù lójú. Mo fẹ́ràn òórùn ṣọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ràn bí a ṣe ń ka A, B, D papọ̀ tí ohùn wa ń lu páànù. Láàárọ̀ kí n tó lọ, mo ń yẹ etí Sìdíkátù wò. Bí òwú bá ti rin, mo ń gbìyànjú láti fà á yọ kí n fi òmíràn sí i. Nígbà mìíràn n kò rí i fà. Ó ti lọ jìnnà. Mo ń fi tuntun lé e. Ọmọ náà kò bá mi jà. Èmi ló fọkàn tán.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí a bá pàtẹ́wọ́, á jó. Ó dẹ́kun ijó. Ó ń fi orí ti ògiri, ó sì ń sùn lọ́sàn-án gangan. Ìyá Múrí ní, "Ọmọ yìí ti ń gbọ́n o, kò pariwo mọ́." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì dì í mú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹni tó ti pọn ọmọ fún ọdún méjì mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná lẹ́yìn òun. Mo ní lọ́kàn mi pé tí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, n óò yọ òwú náà. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Mo ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, títí mẹ́ta fi kọjá.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́yọ. Mo dé láti ilé-ìwé ní ọ̀sán, mo bá èrò ní ẹ̀yìnkùlé. Sìdíkátù wà lórí ẹní. Ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀ ti wú bí àgbálùmọ̀, ó pọ́n, ó sì ti etí náà síwájú débi pé ó dà bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú òsì kò padé. Bí Ìyá àgbà ṣe fẹ́ gbé e, ọrùn rẹ̀ le gan-an bí igi. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìyá Múrí figbe ta. "Gìrì ni o! Ẹ fi ṣíbí sí i lẹ́nu!"

Ìyá àgbà ní, "Má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́jà. Wàsíù, sáré!"

Mo sáré dé Láfẹ́nwá pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Màámi kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi ẹrù sílẹ̀ lójú ọjà, ó dá ọkọ̀ dúró, ó gba ilé gbé Sìdíkátù àti Ìyá àgbà, a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò dàgbà púpọ̀. Ó gbé iná sí etí Sìdíkátù, ó bojú wò ó, ó sì bẹ nọ́ọ̀sì fún irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó fa òwú àkọ́kọ́ yọ. Ó gbé e sínú abọ́. Ó fa èkejì. Ó fa ẹ̀kẹta, èyí tó ti dúdú. Ọyún sì tẹ̀lé e, ó ń ṣàn dé ọrùn. Kò sí ẹ̀gẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ òórùn etí àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà ní, "Ta ló kó èyí síbẹ̀?"

Màámi ní, "Kó kí ni? Òwú? Kò sí ẹni tó kó òwú sí i létí."

"Màdáámù, òwú mẹ́ta nìyí. Kò lè dédé wọ ibẹ̀."

Mo wà lẹ́bàá ògiri. Ìyá àgbà yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wò mí. N kò mọ bí ojú tó ń ṣe bàìbàì ṣe lè ríran tó bẹ́ẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo retí kí ó dárúkọ mi. Ọkàn mi tilẹ̀ ń fẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni."

Màámi ní, "Ìyá, ẹ̀yin?"

"Èmi ni mo fi sí i. Mo rò pé kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ọ́."

Dókítà náà mí kanlẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn, ó bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára. Ó ní, "Màmá, ẹ ti dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọyún. Bí kò bá rí òde, inú ló máa gbà lọ. Ó ti wọ egungun ẹ̀yìn etí ọmọ yìí. Bí ọrùn rẹ̀ ṣe le yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti dé ibi ọpọlọ. Ọyún tó pé ọdún méjì létí ọmọ, kí ló dé tẹ́ ò gbé e wá?"  Wọ́n gbé Sìdíkátù lọ láti la ẹ̀yìn etí rẹ̀.

Nígbà tí Màámi tẹ̀lé wọn, ó ku èmi àti Ìyá àgbà lórí bẹ́ǹṣì.  Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó kàn ní, "Lọ fọ ọwọ́ rẹ." Mo lọ fọ̀ ọ́.

Sìdíkátù kò kú. Ó lo ju oṣù kan lọ ní ilé ìwòsàn, ó sì padà wá pẹ̀lú àpá gígùn lẹ́yìn etí, ẹnu rẹ̀ sì ń wọ́ díẹ̀ bí ó bá rẹ́rìn-ín. Inú gbogbo wa dùn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e délé, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Màámi lẹ́yìn rẹ̀, ó dún gbàǹgbà lórí àpáta. Adìyẹ fò. Sìdíkátù kò yíjú. Màámi mú ọmọrí náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ tún un jù sílẹ̀. Ó tún jù ú. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀. Àìsàn tó dé ọpọlọ náà ti mú etí méjèèjì lọ.

Màámi kò bú Ìyá àgbà. Obìnrin tó mọ ẹ̀tọ́ ni. Ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n kò gbé Sìdíkátù fún un mọ́. Bí ọmọ náà bá rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, Màámi á dìde, á fà á padà. Àwọn ọmọ agboolé ń pe Ìyá àgbà ní Ìyá Olówùú lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n ń pè é. Kí ọdún tó yí, ó ní ilé kò gba òun mọ́, ó kó lọ sí abúlé àwọn ẹbí rẹ̀ lápá Odéda. Mo lọ kí i ní ọlidé mélòó kan. Ní ọjọ́ kan mo ní, "Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ òwú yẹn." Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Ìwé tí o mú wá ńkọ́? Kà á fún mi." Mo ka ìwé kẹta fún un láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ó sùn lọ nígbà tí mò ń kà á. Ó kú kí n tó kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi dókítà kan léèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní etí tó bá ń yọ ọyún fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ, nítorí ọyún náà lè wọ egungun tàbí kó dé ọpọlọ, òwú ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ ní pàtó bóyá òwú náà ló fà á. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà á tù mí nínú. Èmi mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni mo jẹ́ kó kọjá. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún ní gbogbo ayé mi. Ó ní, "Sìdí ni kó o sọ fún." Mo ní n óò sọ. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí ìyàwó mi ti kú.

Sìdíkátù kàwé ní ilé-ìwé àwọn adití, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìlewó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, obìnrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹbí péjọ sílé Sìdíkátù láti yan orúkọ. Ẹnì kan láàárín wa dárúkọ Mọ̀díínátù, orúkọ Ìyá àgbà. Sìdíkátù rí i lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kíákíá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó ń tijú: "Màámi ní rárá o. Wọ́n ní ẹni tó dí etí àwọn pa kọ́ ni àwọn máa fi sọ ọmọ."

 Èmi ni àgbà níbẹ̀. Ẹnì kan yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wí sí i?"

Mo ní, "Ohun tí Sìdí bá fẹ́ ni kí ẹ ṣe."

Wọ́n yin sùúrù mi. Wọ́n fún mi ní omi mu.

Nígbà tí mò ń ti ibẹ̀ bọ̀, mo ronú nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dúró lẹ́bàá ògiri ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ kọ́ A, B, D, ẹ̀rù pàṣán sì ń bà á. Èèyàn lè rí àwíjàre fún un. Kí ni ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, tó ti kàwé, tó ti tọ́mọ, tó ti sìnkú ìyàwó rẹ̀, kí ni òun ń bẹ̀rù? Kò sí ẹni tó lè nà án. Ẹnu kan náà ni ó pa mọ́, obìnrin kan náà ni ó jẹ́ kó ru ẹ̀bi rẹ̀, lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Mo gbìyànjú láti rí ibi tí mo fi sàn ju ọmọ yẹn lọ. N kò rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà, mo ya ewé kan nínú ìwé, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé èmi ni mo fi òwú dí etí rẹ̀ kí n lè lọ sí ilé-ìwé, pé Ìyá àgbà mọ̀, ó sì gbà á sí ara rẹ̀ nítorí mi, pé kò fi nǹkan kan sí i létí rí ju àdí lọ. Mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlewó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já àga sílẹ̀ fún ìkómọ. Sìdíkátù rí mi, ó fi ọwọ́ kí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó mú awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ìparí, ó padà sí òkè, ó tún ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ níwájú rẹ̀, n kò wo ilẹ̀.